Òṣùpá Inú Aago

Sẹ́fíù ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn Màgàríbà, mo sì lọ.
Ọmọ tó jókòó ti mí fún ọdún mẹ́rin
lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé Ṣóyẹmí ní Ayétòrò,
tó ń fẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú Sáíkò àwọn tíṣà,
òun ló di oníṣòwò góòlù báyìí.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá fojú kan àwọn aago tuntun
kí n tó gbé wọn síta."

Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́ funfun lẹ́nu ọ̀nà.
Ìbọ̀wọ́! Èmi tí epo aago
ti di àwọ̀ kejì fún àtàǹpàkò mi.

Wọ́n tẹ́ wọn sórí àrán nínú àpótí díńgí,
iná tanná sí wọn láti ìsàlẹ̀.
Ọ̀kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ gaara,
mo rí sípíríǹgì tó ń sọ kúlúkúlú
bí àwùjẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí wọ́n fi nǹkan bò ó.
Ọ̀kan wà tí wọ́n ní ó lè wọ omi
dé ọ̀ọ́dúnrún mítà.
Ta ló ń lọ síbẹ̀?
Àwọn tó ń yọ yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà,
èémí wọn ni aago wọn:
bó bá ti fẹ́ tán, wọn a yọrí.

Olóyè Ọdúbẹ̀rù béèrè iye.
Sẹ́fíù kò fẹnu sọ ọ́,
ó kọ ọ́ sórí páálí pélébé kan, ó tì í síwájú rẹ̀.
Mo yọjú.
Mo ń ka òdo lọ, mo gbàgbé ibi tí mo kà á dé.
Olóyè rẹ́rìn-ín, ó da ojú páálí délẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àgbà wọn jáde:
fèrèsé kékeré wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀,
òṣùpá wúrà sì wà nínú fèrèsé.
"Òṣùpá yìí," ni Sẹ́fíù wí,
"kò ní ṣìnà fún ọgọ́fà ọdún."
Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo wo inú aago: òṣùpá àránmọ́jú, ó yọ roboto.
Mo wo ìta: lókè ọ̀sà, níwọ̀ oòrùn,
ó tín-ín-rín bí èékánná tí a gé sọnù.
Ìjẹta la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i,
ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i, níbi tó ti ń ká aṣọ.

Mo fà á létí: "Sẹ́fíù, òṣùpá rẹ ń parọ́."
Ó wo ìta. Ojú rẹ̀ padà di
ojú ọmọ tó sọ nọ́ọ̀tì kan nù sínú yanrìn.

Ní yàrá ẹ̀yìn, mo bọ́ ìbọ̀wọ́,
mo yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń wà lára fìlà mi.
Ohun tó ju ilé mi lọ,
ilé tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́,
ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wúwo bí ẹyin.
Ihò kan wà létí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.
Òṣùpá yẹ̀ díẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni mo tẹ̀ ẹ́:
ó ń joro, ó ń joro, òkùnkùn gbé e mì,
ó tún lé.
Sẹ́fíù kò mí.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn tó wà níwájú.
Olóyè wọ̀ ọ́ lọ sínú mọ́tò rẹ̀.
Èmi fẹsẹ̀ rìn gba etí omi,
nígbà tí mo fi délé, òṣùpá ti wọ̀.

Ìyàwó mi ní, "Aago mélòó ló lù?"
Mo wo ọrùn ọwọ́ mi.
Tèmi ti dúró láti ìgbà òjò,
mi ò tí ì ráyè tún un ṣe.
Mo ní, "Ilẹ̀ ti ṣú."