Lẹ́tà Tó Ń Pe Àmàríyà

Wọ́n kọ ọ́ lóṣù Ẹrẹ̀nà. Oṣù Ọ̀pẹ ló tó dé Táfà.
Akọ̀wé Alhájì ló mú un wá; ó ti fi wé kóséè lọ́nà,
òróró sì ti sọ ìlà kẹta di gíláàsì.
Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́, mo gbé e sókè sí oòrùn, mo kà á:

Ẹ dá ọkọ̀ náà padà.
Páǹpù tó ń ti dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì ní àbùkù.
Ọ̀fẹ́ la ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má pẹ́.

Ẹ má pẹ́!
Ìpè tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, èpè ló ń dà.

Ta ni wọ́n ń pè gan-an?
Alhájì ti ta ọkọ̀ fún oníràìsì kan ní Fúntúà,
oníràìsì fi san gbèsè, ẹni tó yá a lówó tà á fún Tánkò.
Màlúù mọ́kànlá ni Tánkò tà, àti oko ìyá rẹ̀ ní Málúmfáshì.
Ó kùn ún láwọ̀ ewé, ó kọ ÀMÀRÍYÀ sí iwájú orí rẹ̀:
ìyàwó tuntun tó ti fi ọkọ mẹ́ta sílẹ̀.
Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti yí lẹ́ẹ̀mẹta.
Èyí tó wà lára irin ìsàlẹ̀ nìkan ni kò yí,
mo sì mọ̀ ọ́n,
nítorí ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ní Táfà,
èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi èdè méjì bú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà.

Lóṣù Ògún, Àmàríyà wọlé, ó ń wúkọ́.
Mo tú fíltà. Mo ti ìka bọ dísẹ̀lì, ìka mi jáde, ó ń dán
bíi ti ẹni tó ń ha ìpẹ́ ẹja.
Irin lẹ́búlẹ́bú nínú epo.
Mo ní, "Epo burúkú nìyí. Ta ló tà á fún ọ?"
Tánkò fi àgbọ̀n júwe Hábù,
ọmọ Dáúrà tó ń ta dísẹ̀lì nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá mọ́sálásí,
tí kò tíì hu irùngbọ̀n.
Ó búra.
Ó bu dísẹ̀lì náà sẹ́nu kí n lè gbà á gbọ́.
Mo gbá a létí síbẹ̀.
Gbogbo páàkì gbọ́ ọ.
Àwọn dẹ́rẹ́bà da kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí iyanrìn;
kó tó di àṣálẹ́, kò sí i ní Táfà mọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé.
Páǹpù ló ń jẹ ara rẹ̀, tó ń tu eérún sí ẹ́ńjìnnì lẹ́nu.
Níbi tí wọ́n ti rọ ọ́ ló ti gba àrùn wá,
lókè òkun, kí Hábù tó tó kẹ́ẹ̀gì gbé.

Mo pe Tánkò. Ó ti kọjá Lọ́kọ́ja pẹ̀lú àlùbọ́sà.
"Bàyárábè," ó ní, "àlùbọ́sà kì í dúró ka lẹ́tà.
Bí mo bá ń bọ̀..." Fóònù já.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà irin náà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù,
gbogbo ẹni tó ń lọ sí gúúsù ni mo ń bẹ̀:
bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi dá a dúró
kó tó dé orí òkè kankan.

Ó rọrùn láti pe irin padà.
Irin ní nọ́ńbà lábẹ́.
Mo ti béèrè Hábù ní Dikkò, mo ti béèrè rẹ̀ ní Súlèjà.
Ẹnì kan ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó ń ta omi ní Zúbà.
Mo lọ lọ́jọ́ Ìsinmi.
Wọ́n á tó ogójì ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi níbẹ̀,
mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà,
mo ń wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.