Ojú Ewé Tó Ṣáájú Jẹ́nẹ́sísì

Kí Ọlọ́run tó dá ọ̀run òun ayé
nínú Bíbélì ìyá ìyá mi,
Obadáyà Pẹ́tígírù ti wà níbẹ̀,
tàdáwà rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà.
Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé.
Oníwàásù ẹlẹ́ṣin kan ló bá a kọ ọ́,
ó jẹ oúnjẹ alẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Sáfánì ni bàbá rẹ̀, ahunṣọ ọ̀gbọ̀ ní Ántírímù,
ẹni tí owó ilé lé kúrò nílé.
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lójú òkun,
bísíkíìtì tí kòkòrò inú rẹ̀ ju ìyẹ̀fun lọ.
Ìyá Sáfánì ńkọ́?
“Obìnrin kan” ni wọ́n kọ síbẹ̀,
àfi bí ẹni pé obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Áyálándì.

Pẹnsilfáníà kò gbà wọ́n; àwọn tó ṣáájú ti gba ilẹ̀ tán.
Obadáyà gbé àáké, ó di iyọ̀ sínú awọ àgbọ̀nrín,
ó mú Kẹsáyà, olóyún oṣù méje,
wọ́n gba àlàfo òkè wọ Kẹ̀ńtọ́kì.
Màlúù wọn ń jẹ́ Sùúrù.
Sùúrù ló kọ́kọ́ kú.

Igi tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè gbá mọ́ra, ó gé e lulẹ̀.
Kì í ṣe agbára. Ebi náà ní apá.
Ó to ìtì igi léra, ó fi amọ̀ dí ihò,
síbẹ̀ yìnyín ń wọlé wá kí wọn láàárọ̀,
ibà sì ń dé lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta
bí olówó èlé.

Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lójú ewé.
Mẹ́rin nínú wọn, oṣù tí wọ́n bí wọn náà ni wọ́n sin wọ́n.
Sílà, àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún.
Wọ́n wa kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje
kí ìkookò má baà mọ ibi tí yóò hú.
Kẹsáyà ló di ìjánu ẹṣin mú.

Èyí tí kò sí nínú Bíbélì, Ásà ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀:
nígbà tí bàbá òun ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ààrò,
ó kan òkúta ààrò mìíràn, dúdú fún èéfín,
eérú rẹ̀ kò tíì pẹ́.
Àwọn Ṣọ́nì ti dáná níbẹ̀.
Ó wo inú igbó títí.
Lẹ́yìn náà ó fi òkúta wọn mọ ààrò tirẹ̀.

Ìwé ìhágún rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù.
Ásà gba àáké àti ilẹ̀ ẹ̀bá odò.
Mehítábẹ́lì gba ìkòkò irin,
tìmùtìmù tí a fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún,
àti Dínà.
Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
mò ń wá irú ohun èlò tí Dínà jẹ́.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní ń gbẹ.
Odò ẹ̀yìn oko Obadáyà kò rántí ẹnikẹ́ni,
ó sì kún dẹ́nu.

Lánàá mo rí àyè kékeré nísàlẹ̀ ewé náà,
lábẹ́ Íkábódù àbígbẹ̀yìn.
Mo kọ Dínà síbẹ̀. N kò mọ ọjọ́ kankan tí mo lè kọ tì í.
Báírò mi búlúù ju gbogbo òkú wọn lọ.
Màmá mi wò ó, ó ní mo ti ba ìwé jẹ́.