Kíkà

Níbí, ẹni tó ń bọ̀ wá sí àgọ́ kì í kanlẹ̀kùn.
Òkèèrè ló ti ń pariwo: "Ẹ di ajá mú o!"
Ajá ì báà wà, ì báà má sí.
Bí a ṣe ń ké àgò nílé wa náà ni.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ,
ahọ́n mi ń kọsẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbé e dìde.

Ajá Tsevelmaa dúdú, ó tóbi bí ọmọ màlúù,
àmì pupa rúsúrúsú wà lókè ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
Ọlójú mẹ́rin ni wọ́n ń pè é.
Méjì ń ṣọ́ ìkookò,
méjì ń ṣọ́ mi.

Iṣẹ́ mi nìyí:
mo fi wáyà ṣe igun mẹ́rin, mítà kan lóòró, mítà kan níbùú,
mo tẹ́ ẹ sórí pápá tí kò lópin,
mo kúnlẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù,
mo ń ka koríko.
Ewé kan. Ewé méjì. Igba ó lé mọ́kànlá.
Ewúrẹ́ kan wá, ó jẹ ìkẹtàlélógójì níṣojú mi.

Tsevelmaa gun ẹṣin dé, ó ní kí ni mò ń ṣe.
Mo fèsì ní èdè wọn, mo sì ṣì í sọ:
ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka ìwé ni mo mú,
mo fi èyí tí wọ́n fi ń ka owó sílẹ̀.
Ṣé lẹ́nu tèmi, kíkà ni kíkà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ẹṣin fi sún sẹ́yìn.
Ó ní, "Kí ni wọ́n wá kọ síbẹ̀?"
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó já ewé kan, ó rún un lẹ́nu, ó tu ú dànù.
"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún yìí ò ní dáa."
Èmi kọ igba ó lé mọ́kànlá.

Ní Ulaanbaatar, oṣù Kejìlá, èéfín èédú ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́.
Páìpù gbígbóná inú yàrá mi sọ mí di oníṣíńgílẹ́ẹ̀tì;
tí mo bá ṣílẹ̀kùn, irun ìpéǹpéjú mi á dì gbagidi.
Mo lọ tún ìwé ìgbélùú ṣe.
Èmi ni ẹnì kẹtàdínláàádọ́fà lórí ìlà.
Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì ní òǹtẹ̀ kan ṣẹ́kù,
ilé kejì ni òǹtẹ̀ náà wà,
ẹni tó ni ín ti lọ jẹun.
Ìyá mi pè: ṣé mò ń jẹ oúnjẹ gidi?
Mo ní ẹran ni, Màmá. Láàárọ̀ náà, ẹran ni.

Yìnyín sì bo koríko bí ọmọrí tí wọ́n kàn ní ìṣó.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo gbé fọ́ọ̀mù mi lọ.
Ìlà keje: *Iye ẹran tó kú.*
Tsevelmaa bu tíì oníyọ̀ fún mi, ó jókòó.
Kò dá iye kankan.
Ó ní, "Olórí dúdú tó máa ń tiro.
Abo pupa tó ń bí ìbejì lọ́dọọdún.
Èyí tó máa ń lá iyọ̀ ọwọ́ mi, tí kì í jẹ́ kí n ṣiṣẹ́.
Ọmọ rẹ̀. Àbúrò ọmọ rẹ̀."
Gantömör ọmọkùnrin rẹ̀ dìde, ó lọ wo iná tí kò kú.
Tíì tutù, ọ̀rá dì lójú rẹ̀,
kò tíì sọ ọ́ tán.
Àpótí tó wà fún nọ́ńbà ò gbà á.
Mo kọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́, mo yí ìwé sódì,
mo kọ ọ́ sẹ́yìn.
Ọ̀gá mi yóò bi mí pé mélòó.

Lánàá, mo tún lọ.
Ajá gbórí sókè, ó wò mí,
ó tún gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ojú méjì dé. Méjì tó kù ò lè dé, àmì lásán ni wọ́n.
Síbẹ̀ mo dúró sí òkèèrè nínú ẹ̀fúùfù,
mo fi gbogbo ọ̀fun ké e:
"Ẹ di ajá mú o!"