Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Aago méje kò tíì lù n'Íléṣà,
Yèyé Ìbírónkẹ́ ti dé gbọ̀ngàn káńsù,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà
bí bàbá rẹ̀ ti í ṣe láyé òṣómàáàló,
tí kì í dìde
títí onígbèsè yóò fi ka owó aṣọ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fún mẹ̀kúnnù lówó oúnjẹ.
Kóńgò gààrí ti fò kọjá orí wa;
iyọ̀ pàápàá, tí a ń bù fún aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́,
a ti ń dì í sétí ìró bí owó.

Fápohùndà ní kí ó te ìka.
Ẹ̀rọ wò ó, kò rí nǹkan kan.
Àtàǹpàkò títí dórí ọmọńdinrín, òfo.
Ogójì ọdún tó fi pa èkùrọ́ n'Ísọ̀kún
ti ha gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Màmá, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ yín."

"Ìṣẹ́ mọ̀ mí.
Ó mọ ojúlé wa, kò béèrè ìka."

Nígbà tí oòrùn kanrí, ọkùnrin náà gbé àga tirẹ̀ fún un.
Kò jókòó.
"Bàbá mi kò jókòó nílé onígbèsè rí."
Ni Fápohùndà bá yọ bírò,
ó fọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀, ó gba nọ́ńbà mi.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta.
Bí fóònù mi bá dún,
ì báà ṣe ìpolówó lásán,
Yèyé á ti yọjú láti ìdí ààrò:
"Ṣé àwọn ni?"