Ìṣirò Ìgò Mẹ́rin

Àwa tí a ń gun ọ̀kadà ní Kọ̀ta, ní Ọ̀mùò,
a kì í mutí lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọtí ló ń bọ́ wa.
Ọdún tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn Màmá Bọ́sẹ̀dé
pé owó ìgò kan kò gbọdọ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún náírà,
kí àwọn èèyàn lè dín ọtí kù,
ọdún náà ni mo pààrọ̀ táyà méjèèjì,
tí mo san owó ilé-ìwé Ṣeun láìyá kọ́bọ̀.

Kò jìnnà. Ojú ọ̀nà Kàbà ni.
Pátákó kan wà níbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán.
Níhìn-ín, ulé là ń pe ilé;
lọ́hùn-ún, “ọ̀kún o” ni wọ́n fi ń kí ni.
Ejò ń kọjá níbẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni.
Lọ́hùn-ún, ìgò kan náà, ìdérí kan náà,
òógùn tútù kan náà lára rẹ̀:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Tíṣà Ọwọ́ṣeéní ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn mi,
ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀, ẹfun ṣì wà létí àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀.
Ó ní, “Fọlárìn, gbọ́.
Lórí ìgò kan, mo jèrè ọ̀ọ́dúnrún.
Àlọ àti àbọ̀ lórí ọ̀kadà rẹ, ẹgbẹ̀rún kan.
Bí mo bá mu mẹ́ta, mo pàdánù ọgọ́rùn-ún.
Bí mo bá mu mẹ́rin, mo jèrè igba.”
Ọkùnrin tó jẹ́ pé méjì péré ló ń mu lọ́dọ̀ Màmá Bọ́sẹ̀dé,
tí yóò ka ìwé ìròyìn àná tán, tí yóò lọ sùn.
Nítorí igba náírà, ó mu mẹ́rin.
Lọ́sẹ̀ kejì ó mu márùn-ún,
ó ń ka èrè rẹ̀ sí mi létí bí a ti ń bọ̀,
itọ́ rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn.
Mo rẹ́rìn-ín. Owó mi ti wà lápò.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Bọ́sẹ̀dé wá dá páropáro:
àga funfun mẹ́jọ, eṣinṣin méjì,
fíríìjì tó ń kùn fún ara rẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kàn mí léjìká,
“Èló lo máa gbà, kí o bá mi gbé kéréètì méjì wọlé láàjìn?”
Mo gbé e. Mo fi àpò gàrí bò ó.
Nídìí pátákó, iná tọ́ọ̀ṣì là mọ́ mi lójú:
Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀, ará káńsù,
ẹni tó lẹ bébà pupa náà gan-an.
Ó wo àpò, ó wò mí.
Ọ̀rá dúdú ń fì lọ́wọ́ òsì rẹ̀,
àwa méjèèjì sì gbọ́ bí ìgò ti ń kí ìgò.
“Ó dàárọ̀ o.”
“Ó dàárọ̀, sà.”

Nígbà tó yá, epo bẹntiróòlù gbówó lórí.
Mo sọ owó mi di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀.
Tíṣà dákẹ́ díẹ̀, ó ń fi ìka ka ìka.
“Márùn-ún,” ó ní, “n kò jèrè, n kò pàdánù.
Ó di mẹ́fà.”
Ó sì gun ọ̀kadà.

Ọjọ́ Ajé, Ṣeun ti ilé-ìwé dé kí oòrùn tó kàtàrí.
Ó ní Tíṣà wọn kò wá, kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá náà.
Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí èrè àti àdánù,
ó ní ta ni yóò wá parí rẹ̀ fún àwọn.
Mo ń fi epo sí ṣéènì.
Mo ní kó lọ bọ́ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀,
kó má baà dọ̀tí.