Ìkòkò Òjé

Bàtírì mọ́tò tó ti kú ni Bàbá ń rà,
irinwó fáráǹ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bó bá wúwo,
lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ta kpáyò létí títì Àjàṣẹ́.
Àáké ló fi ń là á bí ẹni ń la àgbọn.
Omi kíkan inú rẹ̀ a ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ a rọ,
a ní oòrùn ni.

Bí o kò bá mọ òjé, jẹ́ kí n júwe rẹ̀.
Kò le bí irin, èékánná lè kọ orúkọ sí i lára.
Fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ, inú rẹ̀ a dán bí ẹja tuntun;
kí o tó dá ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀, ó ti di àwọ̀ eérú.
Iná tí kò lè se ẹ̀wà jinná, òjé a yọ́ lórí rẹ̀.
Ó kéré lójú, ó wúwo lọ́wọ́,
bí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé kò tíì sọ.

Inú iyanrìn etí ọ̀sà ni Bàbá ń dà á sí,
ihò tó fi ìka lu, kéékèèké bí ẹyin alángbá.
Igba òjé fún àwọ̀n kan.
Àwọ̀n tí kò ní òjé, ewé lásán ni lójú omi.
Kífùlì àbúrò mi ló ń fẹ́ iná,
èmi ni mò ń kà á.

Bó ṣe ń dà á ló ń sọ̀rọ̀:
pé ọta òjé ni bàbá rẹ̀ àgbà kì sínú ṣakabùlà
nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń bọ̀;
pé òjé ni ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń sin Òrìṣàálá,
kí ilé wa tó mọ ibi tí kíbílà wà;
pé òyìnbó kan tó ń ra epo pupa
fi òjé ṣe ọ̀pá omi sílé, gbogbo àdúgbò ń jowú rẹ̀.
Tìróò tí Màmá fi lé Kífùlì lójú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ,
ìyẹn náà, ọmọ ìyá òjé ni.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó ń dùn.
Eruku funfun tó lẹ̀ mọ́ ètè ìkòkò,
Kífùlì tọ́ ọ wò.
Ó ní ó dùn bíi ṣúgà tí wọ́n gbàgbé sínú àpò.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Màmá ní aràn ni.
Mìsé ilé ìwé ní ọ̀lẹ ni.
Ọmọ tó ń ka ìwé fún àwọn àgbà
di ẹni tó ń wá orúkọ ọjọ́ Àlàmísì kiri.
Dókítà obìnrin kan láti Kútọnu ló gbé ètè rẹ̀ sókè:
ìlà aró kan fà yí ìdí eyín rẹ̀ ká, bí etí àdìrẹ.
Ó ní, “Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe?”
Bàbá na àyà. Ó ní, “Apẹja ni mí.”

Òjè a wọ egúngún,
bó bá di ìrọ̀lẹ́ a bọ́ ọ.
Òjé wọ egungun àbúrò mi,
ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́.
Òjé ti bọ́ sọ́wọ́ olóòṣà,
ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Bàbá ri ìkòkò náà mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó kú.
Àwọ̀n rẹ̀ ṣì wà. Òun là ń jẹ.
Kífùlì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún;
ó jókòó sídìí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣò bí ewé tí òjò lù,
ó ń ka òjé létí àwọ̀n, ó dé ogójì, ó dúró.
“Kí ló tún kàn?”
Mo ní ọ̀kànlélógójì.
Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí ení.