Ẹ̀ga àti Àdán ní Ọgbà Rélùwéè

Ẹ̀ga ló ni òwúrọ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta.
Igba ẹnu lórí igi àgbọn kan ṣoṣo,
wọ́n ń fa imọ̀ ya, wọ́n ń hun ún,
wọ́n ń jà nítorí ilé tí kò tíì lójú ọ̀nà.
Èmi náà á ṣí ṣọ́ọ̀bù, ma ki òwú bọ abẹ́rẹ́;
ẹnu mi kì í dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró ń ti wọ́ọ̀dù dé.
Á fa kọ́tìnì, á faṣọ bojú:
“Ẹ bá mi bẹ àwọn ẹ̀ga yín.”

Wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ.
Irọ́ ni. Oorun ló ń sùn.
Ta ló ráyè ẹyẹ lẹ́yìn iṣẹ́ òru?

Ẹ̀ga kọ́lé mẹ́wàá, ìjì kan kó o lọ.
Àdán ò kọ́ ọ̀kan;
ọmọ rọ̀ mọ́ ọn láyà, wọ́n jọ ń fò
lọ sídìí fúrúùtù,
kóró ń já lu páànù wa, kò! kò!

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn:
ẹ̀ga ń panu mọ́, àdán ń napá.
Ibẹ̀ la ti ń pàdé, lẹ́nu géètì.
Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo bá a so okùn bàtà.
Ibùsùn ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo wọlé.